Dríìpù Àti Iṣan Tó Ń Jò

Nọ́ọ̀sì náà fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun Ìyá Ológì, ó ka ení, èjì, ẹ̀ta dé àrún-ún, ó wá gbé ọwọ́ kúrò. Ojú ibẹ̀ jìn wọnú, bí ìgbà tí ọmọdé bá ki ìka bọ ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì. Gbogbo wa dúró tì í, à ń retí kó kún padà. Kò kún.

"Ẹ wò ó," nọ́ọ̀sì ní, "omi tí a ti ń fà fún Màmá láti ijẹ́ta rèé o. Abẹ́ awọ ló wà."

Àbúrò bàbá mi ni Ìyá Ológì. Ògì ni wọ́n tà tí wọ́n fi tọ́ ọmọ márùn-ún yanjú. Egbò kan báyìí tí kò tó nǹkan ló yọ sí wọn ní gìgísẹ̀. Wọ́n fojú kéré rẹ̀ títí kòkòrò inú egbò fi ráyè wọnú ẹ̀jẹ̀. Ìgbà tí a máa fi gbé wọn dé ilé ìwòsàn, ara wọn ti gbóná kọjá sísọ, wọ́n ń pe orúkọ àwọn tó ti kú, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn sì ti já wálẹ̀. Dríìpù àkọ́kọ́ wọlé, ìkejì tẹ̀lé e, a ò ka iye tó tẹ̀lé ìyẹn mọ́. Ìfúnpá gbéra díẹ̀, ó tún rọ̀. Ní ọjọ́ kẹta yìí, ẹsẹ̀ wọn ti wú kọjá ohun tí sálúbàtà lè gbà, ìpéǹpéjú wọn wú bíi ti ẹni tí oyin ta. Síbẹ̀ ahọ́n wọn gbẹ bí èèpo iṣu, ìtọ̀ inú ọ̀rá tí wọ́n gbé kọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò sì tó ife tíì kan.

"Ṣé omi ti pọ̀ jù lára wọn ni, àbí kò tíì tó?" Èmi ni mo bi í.

"Méjèèjì," ni nọ́ọ̀sì dáhùn, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Báwo ni omi ṣe lè pọ̀ jù lára ènìyàn, kó má sì tó nínú iṣan rẹ̀?

Lọ́dọ̀ wa, dríìpù ti kúrò ní oògùn, ó ti di ohun ìmúlókun. Ẹni tó ti ìrìn àjò dé yóò yà sí kẹ́mísì: "Ẹ bá mi fa ọ̀kan sí i, ó rẹ̀ mí." Ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ lára rẹ̀ ń fà á, ẹni tó fẹ́ lọ ṣe ìnáwó lọ́la ń fà á. Aláìsàn tí wọ́n gbé omi kọ́ lórí ni àwọn tó wá kí i máa ń gbà pé ó rí ìtọ́jú, ẹni tí wọ́n fún ní oògùn oníhóró ni wọ́n ń ṣàánú. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè ohun tó wà nínú ọ̀rá náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní normal saline, iyọ̀ gíráàmù 9 ni wọ́n pò mọ́ lítà omi kan, bíi ṣíbí tíì kan ààbọ̀. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Èyí tó ní ṣúgà, tí wọ́n bá pò ó ní ìpín 5 nínú ọgọ́rùn-ún, gíráàmù 25 ni ṣúgà inú ìdajì lítà rẹ̀. Mínírà tí ẹ rà lójú títì jù ú lọ. Agbára tí à ń wá, inú ọ̀rá kọ́ ló wà.

Àmọ́ kí n má bu omi náà kù ju bó ti yẹ, torí ẹ̀mí tó ti gbà kò lóǹkà. Lọ́dún 1832, nígbà tí àrùn onígbáméjì ń pa ènìyàn bí ẹ̀fọn ní Britain, dókítà kan wà ní Leith, létí Edinburgh, tó ń jẹ́ Thomas Latta. Ẹlòmíì, William Brooke O'Shaughnessy, ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn náà wò, ó rí i pé omi àti iyọ̀ ti tán nínú rẹ̀. Latta ní kí wọ́n dá a padà síbi tó ti kúrò nígbà náà. Ìyá àgbàlagbà kan, tí gbogbo ènìyàn ti gbà pé ó ń lọ, ló kọ́kọ́ fi omi iyọ̀ sí nínú iṣan. Obìnrin náà lajú, ojú rẹ̀ tó ti wọnú yọ padà, ó sì ń sọ̀rọ̀. Latta fi í sílẹ̀ lọ sinmi, ìgbẹ́ gbuuru náà tún bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó bá a fà sí i, obìnrin náà sì kú láàárín wákàtí mélòó kan. Síbẹ̀, ohun tí ojú ti rí kò ṣeé gbàgbé.

Ohun tó yẹ kí a kíyè sí nínú ìtàn Latta ni pé ìfun ló ń da omi nù, iṣan kò jò. Àgbá tó gbẹ ni. Bu omi sí i, yóò kún. Ìṣègùn rí i pé ó ṣiṣẹ́, ó wá mú un bá gbogbo ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ bá já wálẹ̀, láìka ohun tó já a wálẹ̀ sí. Ìyá Ológì kò ṣe ìgbẹ́ gbuuru. Àgbá tiwọn kò gbẹ; ó lu ni.

Tí a bá gbọ́ "iṣan ẹ̀jẹ̀", páìpù ló máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn. Àmù ló jọ jù. Iṣan tó kéré jù lọ kò fẹ̀ ju kí sẹ́ẹ̀lì pupa kan rápálá gba inú rẹ̀ kọjá, ìlà sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo sì ni ògiri rẹ̀, pẹ̀lú àlàfo tíntìntín láàárín wọn. Àmù tó dáa a máa làágùn. Ọrinrin ara rẹ̀ ló ń mú omi inú rẹ̀ tutù. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣan ń làágùn tọ̀sán-tòru, tó ń fi omi díẹ̀díẹ̀ gbé oúnjẹ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́yìn ògiri.

Kí ló wá dá a dúró tí kò fi jò tán? Lọ́dún 1896, Ernest Starling ṣàlàyé pé agbára méjì ló ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́: bí ọkàn ṣe ń fún ẹ̀jẹ̀, ó ń ti omi síta, àwọn puroteéènì inú ẹ̀jẹ̀, pàápàá albumin, ń fa omi mọ́ra. Ohun tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn fún ọdún gbọọrọ ni pé omi a máa jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣan kékeré, a sì padà wọlé ní ìparí rẹ̀. Ó dùn ún gbọ́, ó sì rọrùn láti yà sójú pátákó. Àmọ́ lọ́dún 1966, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Luft fi aró pupa kan kun iṣan, ó gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó rí i pé inú ògiri náà wọ ẹ̀wù. Ìbora kan wà níbẹ̀, ṣúgà àti puroteéènì ni ara rẹ̀, ó rí yọ̀ọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Glycocalyx ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí Levick àti Michel kó gbogbo ẹ̀rí jọ lọ́dún 2010, ó hàn pé ẹ̀yìn ìbora yìí gan-an ni agbára puroteéènì ti ń ṣiṣẹ́, àti pé ní ọ̀pọ̀ ibi lára, omi tó bá ti jáde kì í gba ẹnu ọ̀nà tó bá jáde wọlé mọ́. Àwọn ojú ọ̀nà tóóró mìíràn tí kì í gbé ẹ̀jẹ̀ ló ń kó o jọ, tí wọ́n ń rọra dà á padà sínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́bàá ọrùn.

Ìyá Ológì ni ì bá ṣàlàyé ìbora yìí fún yín jù mí lọ. Tí wọ́n bá da àgbàdo lílọ̀ sórí aṣọ asẹ́, omi àkọ́kọ́ á sáré kọjá. Lẹ́yìn náà ni ara ògì á lẹ̀ mọ́ ojú aṣọ, omi á wá máa kán tó, tó, tó. Aṣọ nìkan kọ́ ló ń sẹ́ ògì. Ohun tó lẹ̀ mọ́ aṣọ ń bá a sẹ́ ẹ. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n jágbe mọ́ ọmọ iṣẹ́ wọn kan tí sùúrù tán fún, tó gbé korobá omi, tó dà á lu asẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Omi náà fọ ohun tó lẹ̀ mọ́ aṣọ kúrò, eèrí bá ògì wọnú ìkòkò, iṣẹ́ gbogbo àárọ̀ ọjọ́ náà bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí asẹ́ yìí wà lọ́kàn yín, a ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ rántí ibi tí ẹ̀fọn ti jẹ yín rí. Kò ní pẹ́ tó fi máa pọ́n, tó máa wú, tó máa gbóná díẹ̀, tó máa yún yín. N kò rí ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wa tó gbé gbogbo rẹ̀ pọ̀, nítorí náà ìbínú ara ni n ó máa pè é. Lára ohun tí ara ń tú jáde níbẹ̀ ni histamine, iṣan ló sì ń bá sọ̀rọ̀. Lọ́dún 1961, Guido Majno àti George Palade fi í sára eku, wọ́n rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ògiri iṣan kéékèèké tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà bọ̀ ya ara wọn, àlàfo sì ṣí sílẹ̀ láàárín wọn. Ara kò ṣèèṣì ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣílẹ̀kùn fún sẹ́ẹ̀lì funfun kó lè jáde lọ bá kòkòrò jà, bí baálé ilé ti ń ṣílẹ̀kùn fún ọlọ́dẹ lóru. Omi tó tẹ̀lé ọlọ́dẹ jáde ni wíwú tí ẹ̀ ń rí.

Ibi tí ẹ̀fọn jẹ kò fẹ̀ ju orí èékánná lọ. Tí kòkòrò bá ti wọnú ẹ̀jẹ̀, gbogbo ilẹ̀kùn ilé ni yóò ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, láti orí dé ẹsẹ̀. Ògiri iṣan fúnra rẹ̀ a tú ohun kan jáde tó ń jẹ́ angiopoietin-2, tó ń dẹ ìdè tó so sẹ́ẹ̀lì mọ́ sẹ́ẹ̀lì. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun a yọ ọ̀bẹ, wọn a máa ré ìbora yẹn lulẹ̀. Àwọn dókítà máa ń rí àjákù rẹ̀, bíi syndecan-1, nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ẹni tí tirẹ̀ bá sì pọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ sábà máa ń le jù. Albumin bá wọn jáde, ó sì fa omi lọ́wọ́ lọ. Lórí gbogbo rẹ̀, iṣan tún dẹ̀, ó fẹ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí ìfúnpá fi lè já wálẹ̀ nígbà tí omi ara kò tíì dín kù rárá.

Ẹ wá fa lítà omi kan sí irú iṣan bẹ́ẹ̀. Lára ẹni tó le koko pàápàá, omi oníyọ̀ kì í jókòó pẹ́. Ìwé ìṣègùn ń kọ́ni pé tó bá yá, bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ló máa kù nínú iṣan. Lára ẹni tí ìbínú ara ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀, èyí tó ń kù tún kéré sí i. Èyí tó jáde wá ibi jókòó. Nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó dábùú àárín atẹ́gùn àti ẹ̀jẹ̀, aláìsàn a máa mí gúlegúle. Kíndìnrín ní tirẹ̀ wà nínú àpò tí kì í fẹ̀, tí omi bá wọ̀ ọ́, ńṣe ló ń fún ara rẹ̀ lọ́rùn, ìtọ̀ a dín kù, ẹni tó ń wo ọ̀rá ìtọ̀ a sì ní, "Omi kò tíì tó, ẹ fà sí i." Ìdáhùn nọ́ọ̀sì wá yé mi wàyí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù sí mi nìyí: ṣé omi náà lè mú kí jíjò fúnra rẹ̀ pọ̀ sí i? Ó dà bíi pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ sì ju ẹyọ kan lọ. Ó ń la puroteéènì inú ẹ̀jẹ̀, ohun tó yẹ kó fa omi mọ́ra a wá fúyẹ́. Ó tún ń na ọkàn. Yàrá òkè inú ọkàn, tí ẹ̀jẹ̀ bá kún un kọjá àlà, a tú ohun kan jáde tí wọ́n ń pè ní ANP láti fi ránṣẹ́ pé omi ti pọ̀, ẹ̀rí kan sì wà láti yàrá àyẹ̀wò pé ANP yìí ń tú ìbora iṣan. Àwọn olùwádìí ní Brisbane, ní Ọsirélíà, gbé èyí yẹ̀ wò lára àgùntàn, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2018. Wọ́n fi oró kòkòrò mú àwọn àgùntàn náà ṣàìsàn, wọ́n fa mìlílítà 40 omi iyọ̀ fún ìwọ̀n kílò kọ̀ọ̀kan sí apá kan lára wọn láàárín wákàtí kan, wọn kò fún apá kejì. Láàárín wákàtí 12 tó tẹ̀lé e, àwọn tó gba omi ni wọ́n ní láti fi noradrenaline tó pọ̀ jù gbé ìfúnpá wọn ró. ANP wọn lọ sókè, hyaluronan, tó jẹ́ ara ìbora iṣan, sì pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Korobá omi lórí asẹ́. Àgùntàn kì í ṣe ènìyàn, mo mọ̀, àríyànjiyàn sì ṣì wà lórí bí ANP ṣe ń ṣiṣẹ́ lára ènìyàn; àmọ́ ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí kò ní yà lẹ́nu.

Ohun tó wà nínú omi náà tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Chloride inú ẹ̀jẹ̀ wa kò jìnnà sí 100 ní òṣùwọ̀n tí ilé àyẹ̀wò ń lò. Ti normal saline jẹ́ 154. Tí a bá fa púpọ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a kan. Kellum àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú kí ẹ̀jẹ̀ àwọn eku tí àkóràn ti mú kan báyìí, wọ́n sì ròyìn lọ́dún 2006 pé àwọn ìránṣẹ́ ìbínú ara pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹ má rò pé Ringer's lactate, oríṣi dríìpù mìíràn, mọ́ pátápátá. Lọ́dún 1998, Peter Rhee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé tí ẹlẹ́dẹ̀ tó ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀ bá gbà á, sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ a ta kìjí ju ti èyí tó gba ẹ̀jẹ̀ lọ. Oríṣi lactate kan tí ara ènìyàn kì í lò dáadáa ni wọ́n wá dẹ́bi fún. Lára ènìyàn, ìyàtọ̀ tó wà láàárín oríṣi omi méjèèjì kéré. Nínú àyẹ̀wò kan tí wọ́n ṣe fún aláìsàn 15,802 ní Nashville, tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2018, ìpín 14.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba omi tó sún mọ́ ti ẹ̀jẹ̀ ló kú tàbí tí kíndìnrín wọn bàjẹ́ gan-an. Ti àwọn tó gba saline jẹ́ 15.4. Àyẹ̀wò ńlá tó tẹ̀lé e ní Ọsirélíà àti New Zealand kò rí ìyàtọ̀ nínú iye àwọn tó kú. Lójú tèmi, iye tí a fà ṣe pàtàkì ju orúkọ ara ọ̀rá lọ.

Gbogbo èyí ì bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ eku àti àgùntàn títí di òní, bí kì í bá ṣe ti ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlà-oòrùn Áfíríkà.

Kathryn Maitland ti pẹ́ lẹ́nu ìtọ́jú ọmọdé ní Kilifi, ní Kẹ́ńyà. Òun àti àwọn dókítà ní Kẹ́ńyà, Uganda àti Tanzania fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ọmọ tó ń kú sí wọn lọ́wọ́ ì bá yè ká ní wọ́n tètè ń fún wọn ní omi púpọ̀ bí wọ́n ti ń ṣe nílùú òyìnbó. Àyẹ̀wò náà ni wọ́n pè ní FEAST. Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, tí ẹ̀jẹ̀ kì í tètè padà sí orí ìka rẹ̀ tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ni wọ́n ń gbà wọlé. Ibà ló ń ṣe èyí tó ju ìdajì wọn lọ. Wọ́n yọ àwọn tó ń ṣe ìgbẹ́ gbuuru àti àwọn tí àìjẹunkánú ti mú gan-an sílẹ̀. Ìpín kan gba omi iyọ̀ wìì, láàárín wákàtí kan. Ìpín kejì gba albumin bákan náà. Ìpín kẹta gba omi ìtọ́jú tó ń kán pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìkan. Gbogbo wọn ló gba oògùn ibà, oògùn kòkòrò, afẹ́fẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ bó ti yẹ. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń retí ni pé ìpín kẹta ni yóò pàdánù jù.

Nígbà tí iye wọn di ọmọ 3,141, ní oṣù kìíní ọdún 2011, ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ àyẹ̀wò náà ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Láàárín wákàtí 48, ìpín 10.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba albumin ti kú, 10.5 lára àwọn tó gba omi iyọ̀. Lára àwọn tí wọn kò da omi lù, 7.3. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, bíi mẹ́ta tó yẹ kó wà láàyè ló bá omi lọ.

Èyí tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù nínú ìròyìn náà ni ti wákàtí àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ tó gba omi ni ara wọn tètè móoru jù. Ẹ fojú inú wo dókítà tó di ọwọ́ ọmọ mú, tó rí i pé ó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ìyá ọmọ ń dúpẹ́, tí òun náà mí kanlẹ̀ tó kọjá sí bẹ́ẹ̀dì tó kàn. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan ni ikú dé. Ẹni tó bá fi ohun tó rí ní wákàtí àkọ́kọ́ ṣèdájọ́ yóò búra pé omi ló gba ọmọ náà là, ohun tí ìṣègùn sì ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀dọ̀fóró tó kún fún omi ló pa wọ́n, àmọ́ nígbà tí wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ọkàn àti ìfúnpá tó ṣubú lójijì ló pọ̀ jù. Àyẹ̀wò mìíràn lórí àkọsílẹ̀ kan náà, lọ́dún 2019, tọ́ka sí mímí tó burú sí i, ẹ̀jẹ̀ tó là, àti kíkan tí chloride mú wá. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, dín omi tó ní kí wọ́n fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kù lẹ́yìn náà, ó sì ní kó máa lọ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ọmọdé àti ibà nìyẹn. Lọ́dún 2017 ni èsì ti àgbàlagbà dé láti Lusaka, ní Zambia. Àwọn aláìsàn 212, tí kòkòrò àrùn HIV wà lára ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, tí àkóràn ti já ìfúnpá wọn wálẹ̀, ni wọ́n pín sí méjì. Àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé ìlànà omi púpọ̀ fún gba bíi lítà mẹ́ta ààbọ̀ ní wákàtí mẹ́fà àkọ́kọ́, àwọn yòókù gba bíi méjì. Ìpín 48.1 nínú ọgọ́rùn-ún kú ní ọ̀hún, 33.0 níhìn-ín. Nílẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, wọ́n gbé èsì irú àyẹ̀wò yìí jáde lọ́dún 2022 àti 2023, ènìyàn tó ju 1,500 lọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹni tó gba púpọ̀ àti ẹni tó gba díẹ̀, bákan náà ni wọ́n ṣe. Mo gbà pé ẹ̀rọ tó ń báni mí àti oògùn tó ń fún iṣan pọ̀ ló ń bá wọn tún àṣìṣe omi ṣe lọ́hùn-ún. Ibi tí kò sí ìyẹn, ara ni aláìsàn fi ń san án. Ẹ tún kíyè sí i pé kò sí ibì kankan nínú àwọn àyẹ̀wò wọ̀nyí tí wọ́n ti fi aláìsàn sílẹ̀ láìní omi rárá.

Ìṣègùn ti wá ọgbọ́n mìíràn dá sí jíjò yìí. Wọ́n ní bí omi iyọ̀ bá ń jò nítorí pé ohun inú rẹ̀ kéré, kí a lo ohun tó tóbi tí kò ní lè gba àlàfo kọjá. Kí ni wọ́n rí lò? Àgbàdo! Sítáàṣì tí wọ́n yọ lára àgbàdo tàbí ọ̀dùnkún, tí wọ́n tún ṣe, ni wọ́n ń fà sí iṣan, HES ni orúkọ rẹ̀. Èmi a máa pè é ní ògì inú iṣan. Ìròyìn rere ló kọ́kọ́ ń jáde nípa rẹ̀, èyí tó pọ̀ níbẹ̀ láti ọwọ́ Joachim Boldt ní Jámánì, àfi ìgbà tí wọ́n rí i pé ayédèrú wọ̀ ọ́. Lọ́dún 2011, àwọn ìwé ìròyìn ìṣègùn fagi lé bí àádọ́rùn-ún nínú iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀lé e ni èsì láti Scandinavia jáde: nínú aláìsàn 798 tí àkóràn mú gan-an, ìpín 51 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba sítáàṣì ló ti kú láàárín ọjọ́ 90, ti àwọn tó gba omi bíi Ringer jẹ́ 43. Asẹ́ tó ti ya kì í dá ògì dúró. Ó kọjá, ó lọ jókòó sínú ẹran ara àti kíndìnrín. Ilẹ̀ Yúróòpù dá títà rẹ̀ dúró lọ́dún 2022.

Ohun tó ń mú orí àwọn olùwádìí yá lọ́wọ́lọ́wọ́ ni omi ẹ̀jẹ̀ gan-an, èyí tó kù tí wọ́n bá yọ sẹ́ẹ̀lì kúrò. Rosemary Kozar àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i lára eku lọ́dún 2011 pé ó ń mú kí ìbora iṣan tó ti ré hù padà, ohun tí omi oníyọ̀ kò lè ṣe. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n fi í fún àwọn tó fara gbọgbẹ́, nínú ọkọ̀ òfurufú tó ń gbé wọn lọ, kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, ìpín 23.2 nínú ọgọ́rùn-ún wọn kú láàárín ọjọ́ 30, ti àwọn tí kò gbà á jẹ́ 33.0. Ti ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nìyẹn o. N kò ní fi ṣèlérí fún ẹni tí àkóràn mú.

Àwọn àrùn kan wà tí jíjò iṣan jẹ́ iṣẹ́ wọn gan-an. Ibà Lassa, tí èkúté ń kó ran ènìyàn, jẹ́ ọ̀kan. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, mọ̀ ọ́n dunjú. Tí Lassa bá le, ojú àti ọrùn aláìsàn a máa wú, omi a kó sí àyíká ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, nígbà tí ìfúnpá rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ibà dengue náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìgbà tirẹ̀ sì ní òǹkà: jíjò náà kì í sábà ju wákàtí 24 sí 48 lọ, lẹ́yìn èyí ni omi á bẹ̀rẹ̀ sí í padà sínú iṣan fúnra rẹ̀. Dókítà tó bá ṣì ń fa omi nígbà yẹn, aláìsàn tó ti ń bọ̀ wá sáyé ló ń rì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì tẹ ojúgun Ìyá Ológì, dókítà dé, ó ka ìwé, ó kọ́kọ́ dákẹ́. Ó ní kí wọ́n yọ dríìpù, kí wọ́n fi omi díẹ̀ tó ń gbé oògùn kòkòrò wọlé nìkan sílẹ̀, kí wọ́n máa fi oògùn tó ń fún iṣan pọ̀ gbé ìfúnpá ró. Ó ní kí wọ́n tún egbò náà là dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ìbínú ti ń wá. Àwa ará ilé rojú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn ní ṣé owó ló kù tí wọ́n fẹ́ kí àwọn san ni wọ́n fi ń yọ omi ìyá àwọn. Oru yẹn gùn.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ọ̀rá ìtọ̀ kún. Wọ́n dà á nù, ó tún kún. N kò rò pé inú ẹbí kan ti dùn sí ìtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ owó lóru ọjọ́sí ló ń pe àwọn ará Èkó lórí fóònù láti ka iye rẹ̀ fún wọn. Bí ìbínú ti ń rọlẹ̀, ilẹ̀kùn ń tì, àwọn ojú ọ̀nà tóóró ń kó omi bọ̀, kíndìnrín sì ń dà á síta.

Ọjọ́ tí a ń palẹ̀ mọ́, sálúbàtà wọlé sí wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ju ọwọ́ sí nọ́ọ̀sì yẹn.

"Ọmọ mi, ṣé kò sí bí o ṣe máa fa ẹyọ kan péré sí mi lára, kí n fi gbádùn délé?"

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹ ojúgun wọn, ó ka ení, èjì, ẹ̀ta dé àrún-ún, ó wo ibẹ̀. Ó dán, kò jìn.

"Màmá, ẹnu yín ti ń gbà á," ó ní, ó sì bu omi sínú ife fún wọn.